Jẹ́ẹ̀tì dé Kútọnu kí ilẹ̀ tó ṣú, àwa tí a wà lágbègbè Ìkọ̀lé ńkọ́?

ọmọ_ìkọ̀lé

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Èkìtì Kete, ẹ kú ọdún, a ó ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Kejìlá, mo ní kí n kúkú gbé e síbí torí bí mo bá dá a sílẹ̀ nílé ìyàwó mi á ní mo tún ti gbé òṣèlú dé.

Ẹ rántí ọjọ́ Sunday 7 oṣù Kejìlá 2025 táwọn sójà kan jáde lórí tẹlifíṣàn ní Kútọnu pé àwọn ti lé Talon, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, kúrò lórí oyè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú jẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti débẹ̀, wọ́n lé àwọn sójà yẹn kúrò nílé tẹlifíṣàn, wọ́n lé wọn kúrò ní bárékè tí wọ́n sá wọ̀, àwọn sójà orí ilẹ̀ náà tún tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di Tuesday àwọn sẹ́nétọ̀ ti fọwọ́ sí i. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ pé Nàìjíríà ti jí, èmi náà pàtẹ́wọ́, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́, oorun ò wá. Ní 29 oṣù Kìíní 2024, ojú ọ̀nà Òkè-Àkò níbí ni wọ́n ti yìnbọn pa ọba méjì, Onímòjo àti Elésun, Ọlọ́run ló yọ Alára. Ọba o! Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé pẹ̀lú tíṣà wọn ní Èmùré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó jáde nínú igbó. Oṣù Kọkànlá 2025 wọ́n tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù níbi tí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́, èèyàn 38 ni wọ́n padà rí gbà sílẹ̀. Èrúkù ò sì jìnnà sí wa rárá, orúkọ lásán ni Kwara yẹn. Nínú gbogbo ẹ̀, mi ò gbúròó jẹ́ẹ̀tì kankan lókè.

Oko kòkó bàbá mi wà lẹ́yìn ìlú, ibi tí a máa ń gbé ọ̀kadà dé ká tó wá fẹsẹ̀ rìn. Kòkó pọ́n lọ́dún tó kọjá, ó pọ́n títí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, ọ̀kẹ́rẹ́ ń dá a lu ó ń fa omi ẹ̀ mu, torí àwọn lébírà tó máa ń bá wa ká a ní àwọn ò wọ igbó yẹn mọ́ àfi tí ọdẹ bá ṣíwájú, owó tí ọdẹ ń gbà lójúmọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ wá máa sọ fún mi pé kí n ra ajílẹ̀ sí i.

Ó tún wá ku ti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Kérésì wọ́n ju bọ́ǹbù sí Sókótó, ìjọba wa ní àwọn mọ̀ sí i, pé àwọn ló tiẹ̀ fún wọn ní ìròyìn ibi táwọn aburúkú yẹn wà. Àjákù ẹ̀ já bọ́ sí Ọ̀ffà. Ọ̀ffà o, tó jẹ́ pé ará Ọ̀tùn lè jí lọ síbẹ̀ kó sì padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ó tọ́ ká máa rán sójà jáde nígbà tí ilé ò tíì rọgbọ, ṣé ó sì tọ́ kí sójà ìta máa wọlé wá ṣe èyí tó yẹ kí tiwa ṣe? Ẹ má bú mi o, ẹ dá mi lóhùn.

bàbá_kakí_Adó

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó máa bú ẹ, ẹni tí oko rẹ̀ ń jó kì í dákẹ́. Mo ti wọ kakí láyé mi, Adó ni mo wá fẹ̀yìn tì sí. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà nígbà ECOMOG, àpapọ̀ ọmọ ogun ECOWAS, kì í ṣe àwọn àkọ́kọ́ tó wọ Monrovia lóṣù Kẹjọ 1990 o, ìgbà tí àwa débẹ̀ wọ́n ti mú Doe ààrẹ wọn lọ́fíìsì ECOMOG gan-an lọ pa.

Mi ò lè sọ gbogbo ohun tí mo rí tán. Ọmọ kan wà ní ibi tí wọ́n fi okùn dínà, wíìgì obìnrin ló dé sórí, ìbọn tó gbé kọ́ èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Ó ń bi mí bóyá mo ní bisikíìtì. Mo na bisikíìtì sí i, mo ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìka ẹ̀ tó wà níbi tí wọ́n ti ń fa ìbọn ni mò ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń jẹ ẹ́.

Torí náà bí ẹnì kan bá sọ pé iná ìlú kejì ò kàn wá, èmi mọ̀ pé ó kàn wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn. Ogun Làìbéríà ò dúró sí Làìbéríà, nígbà tó fi máa di 1991 ó ti ran Sàró, a sì bá a lọ síbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n wíwọlé ló rọrùn, ìjáde ni ẹjọ́ wà. A rò pé oṣù díẹ̀ la máa lò, ó di ọdún mẹ́jọ, ó di mẹ́sàn-án. Ọbásanjọ́ ló sọ ọ́ ní 1999 pé owó tí Nàìjíríà ná síbẹ̀ dé bílíọ̀nù 8 dọ́là. Àwọn tí a jọ lọ tí a ò jọ bọ̀, ẹlòmíì nínú wọn, àwọn aládùúgbò ẹ̀ gan-an ò mọ ibi tó kú sí. Èyí tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nínú bárékè, ká ṣáà ti má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá gbọ́, ni pé Abásà tí ò jẹ́ ká dìbò nílé ló rán wa lọ gbé Kabbah tí wọ́n dìbò fún padà sórí oyè ní Freetown ní 1998.

Ní ti Kútọnu, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi yá fún yín. Onílé ló pè wá. Ìjọba wọn ló ránṣẹ́ pé ẹ gbà wá, èyí tó pọ̀ jù nínú sójà wọn ò bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ, ibi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà sì ní àdírẹ́ẹ̀sì. Igbó Òkè-Àkò ò ní àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó wà nínú jẹ́ẹ̀tì, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ajínigbé yàtọ̀ sí ọdẹ tàbí ìyá tó ń já ewé? Ẹ ò rí Tudun Biri ní Kàdúná, 3 oṣù Kejìlá 2023, àwọn tó ń ṣe Mọ́líúdì ni drone sójà wa ju bọ́ǹbù lù, òkú tí wọ́n sin lé ní 80. Ọmọ mi, má gbàdúrà jẹ́ẹ̀tì sórí oko bàbá rẹ.

ayé_ò_gún

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ èrè ẹ̀. Àmọ́ èmi ò gbà pẹ̀lú yín lórí ti kòkòrò yẹn. Bí iná bá ń jóni tó ń jọ́mọ ẹni, tara ẹni la kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Ẹni tí wọ́n wá ká mọ́lé kọ́ ni hùrùhẹ̀rẹ̀ ń dí lóorun.

Ẹ sì má jẹ̀ẹ́ ká máa pariwo Kútọnu bí ẹni pé gbogbo ẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Niger ńkọ́? 26 oṣù Keje 2023 ni ọ̀gágun Tchiani àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ ààrẹ Bazoum. Tinubu ò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àga ààrẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alága ECOWAS, wọ́n kóra jọ wọ́n ní àwọn fún Niger ní ọjọ́ méje péré. Wọ́n já iná tí a ń fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìdá 70 nínú 100 iná tí Niger ń lò ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ. Wọ́n ti bọ́dà. Ọjọ́ méje pé, kò sí nǹkan kan. Àwọn sẹ́nétọ̀ ní àwọn ò fẹ́ ogun, pàápàá àwọn ti òkè ọya, ẹ ò sì lè bá wọn wí, ìpínlẹ̀ méje ló bá Niger pààlà, àwọn èèyàn wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ sin. La bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ààfáà àti Abdulsalami lọ bẹ àwọn tí a ní a fẹ́ nà. Oṣù Kejì 2024 ECOWAS gbẹ́sẹ̀ kúrò, Bazoum ṣì wà ní àhámọ́. Oṣù Kìíní 2025 Niger, Mali àti Burkina Faso jáde nínú ECOWAS pátápátá. Oṣù Kẹta Niger tún yọ sójà tiẹ̀ kúrò lára àwọn tá a jọ ń bá Boko Haram jà ní Adágún Chad. Ta ló jèrè níbẹ̀?

Kútọnu yẹn gan-an, ẹ ti gbàgbé ọjọ́ kejì ẹ̀. Bàlúù sójà wa kan balẹ̀ sí Burkina Faso, wọ́n ní nǹkan kan ló yọnu lára ẹ̀, ni wọ́n bá dá sójà wa 11 dúró síbẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ló gbéra lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. A ṣe akọni lọ́jọ́ Sunday, a kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Monday.

ìyá_ìbejì_ọjà_ọba

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ máa jà o, èmi ọjà ni mò ń tà. Bẹ́ǹdìdáùn ni mò ń kó láti Tọ́kpá ní Kútọnu wá sí Adó, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a bọ̀, Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ mí dáadáa.

Sunday tí ẹ ń sọ yẹn, mo ti di owó mọ́ tòbí, ìdájí Monday ni mo fẹ́ wọ mọ́tò. Ọmọkùnrin mi ló sáré wọlé pé Màmá ẹ má lọ mọ́, wọ́n ti gbàjọba ní Kútọnu. Mo pe obìnrin Àjàṣẹ́ tí mò ń gba bélì lọ́wọ́ ẹ̀, fóònù ń dún kò gbé e. Mo pe ẹni tó ń bá mi ṣẹ́ séfà, ó ní Màmá ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná, òun ò lè dá iye kan. Ẹ̀yin ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Owó orí bélì mi ni o, àti owó iléèwé àwọn ìbejì.

Ẹ ti gbàgbé ìgbà tí Bùhárí ti bọ́dà láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020? Wọ́n ní nítorí ìrẹsì ni. Kí ni bẹ́ǹdìdáùn mi ṣe fún ìrẹsì? Mi ò gbọ́ pé sẹ́nétọ̀ kankan jẹ gbèsè nígbà yẹn, àmọ́ èmi jẹ, mo jẹ ti ẹgbẹ́ mo tún jẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní àwọn sójà yẹn jókòó ti ìjọba ní Kútọnu ni, ECOWAS á ní kí wọ́n ti bọ́dà, bí wọ́n ṣe ṣe Niger ni wọ́n máa ṣe wọ́n. Torí náà èmi ní kí jẹ́ẹ̀tì lọ, kó yáa lọ. Àti pé ta tiẹ̀ là ń pè ní ìlú onílùú? Alákétu wà níbẹ̀, ará Ṣàbẹ́ wà níbẹ̀, mo ti sùn nílé wọn, wọ́n ro àmàlà fún mi.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkọ̀lé, ohun tó o sọ yé mi. Nínú gbogbo ìrìn tí mò ń rìn láti Tọ́kpá dé Adó, àyà mi kì í já ní Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kọ́sítọ́ọ̀mù wọn. Ó di Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo máa ń yọ ẹ̀gbà ọrùn mi sínú bàtà.

tíṣà_òkè_ìmẹ̀sí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Màmá ìbejì ẹ kú ìrìn, Bàbá ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n dá sí i díẹ̀, ẹ mọ̀ pé tíṣà kì í lè sọ díẹ̀.

Ìlú Fábùnmi ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àwa Èkìtì ò kàwé nípa kí wọ́n wá bá èèyàn jà ní ilé ẹ̀, a jẹ ẹ́ níyà. Àwọn ajẹlẹ̀ Ìbàdàn ń jókòó sílé wa wọ́n ń pàṣẹ, títí Fábùnmi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìlú kan ò lè dá Ìbàdàn kojú, la bá wá ara wa rí, Èkìtì, Ìjèṣà àtàwọn mìíràn, a pe ara wa ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì la fi ṣe olórí ogun. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ló ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ tí Ìbàdàn ò ní irú ẹ̀. Ogun Kírìjì nìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹni tó bá ní Èkìtì ò mọ fọ́rìn pọ́lísì, ẹ ní kó wá bá mi ní Òkè-Ìmẹ̀sí.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ogun náà ò níyanjú, ó ti sú tọ̀tún tòsì, ni wọ́n bá gba kí gómìnà òyìnbó l'Ékòó wá làjà. 1886 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. 1893 gómìnà Carter fúnra ẹ̀ gòkè wá tú àgọ́ ká, inú gbogbo èèyàn dùn, ó yẹ kínú wọn dùn, ọdún 16 ni wọ́n ti wà lójú ogun. Àmọ́ onílàjà yẹn ò padà sílé títí di 1960. Nígbà tó tiẹ̀ ń lọ, ó tún ní ká jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ààbò kí ọwọ́ ẹ̀ lè máa wà lára sójà wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn lọ sí Èkó lóṣù Kọkànlá 1960 lọ fẹ̀hónú hàn, Action Group náà kọ̀ ọ́, nígbà tó di oṣù Kìíní 1962 wọ́n ya ìwé náà.

Ìdí tí ara mi ò fi lélẹ̀ lórí ti Sókótó nìyẹn. Mi ò ní Amẹ́ríkà fẹ́ wá jọba lé wa lórí, ayé ti yí. Òfin 1999 wa, abala 5, sọ ọ́ kedere pé ààrẹ ò gbọ́dọ̀ rán sójà jáde lọ jagun láìjẹ́ pé Sẹ́nétì fọwọ́ sí i, bó bá sì jẹ́ pàjáwìrì kó wá béèrè ìfọwọ́sí wọn láàárín ọjọ́ méje. Ó dáa, a mọ bí tiwa ṣe lè jáde. Àwọn tó ń wọlé ńkọ́? Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè sọ lórí tẹlifíṣàn pé a jọ ṣe é ni. Ta ló jókòó níbi tí wọ́n ti gbà á, títí di ọjọ́ wo, kí ló sì máa fòpin sí i? Ẹni tí àjákù bọ́ǹbù bọ́ sẹ́yìnkùlé ẹ̀ ní Ọ̀ffà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti ká máa jáde, mi ò lòdì sí i. Ẹ̀yin ará Adó tẹ́ ẹ máa ń kọjá ní Fájuyì Pákì, ẹ mọ̀ pé kí Fájuyì tó ṣe gómìnà ológun, Kóńgò ló ti gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross, abẹ́ àsíá Àjọ Àgbáyé sì ni wọ́n lọ. Ti Gambia ní 2017 náà wù mí: Jammeh tó ti wà lórí oyè fún ọdún 22 fìdí rẹmi níbò, ó ní òun ò lọ, Senegal ló ṣíwájú, a fi sójà àti bàlúù tiwa kún un, ó kó ẹrù ẹ̀ ó lọ láìsí ogun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé Kútọnu ò kan Ìkọ̀lé, ẹ fojú lọ máàpù. Oṣù Kẹrin 2025 àwọn agbésùnmọ̀mí JNIM pa sójà Bẹ̀nẹ̀ 54 ní òkè wọn lọ́hùn-ún. Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àwọn JNIM yẹn ní àwọn ti jà ní Kwara, pé ìgbà àkọ́kọ́ àwọn ní Nàìjíríà nìyẹn. Igbó tó wà láàárín ibẹ̀ sí Èrúkù, ẹ bi àwọn ọdẹ bí ògiri bá wà níbẹ̀.

ọmọ_ìkọ̀lé

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, ti máàpù yẹn wọ̀ mí lára. Màmá náà ẹ ṣé.

Àmọ́ Bàbá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn tán. Mi ò béèrè jẹ́ẹ̀tì. Yíyá yẹn ni mò ń béèrè. Talon pe fóònù, wọ́n dé. Àwa náà ń pè! Alẹ́ ọjọ́ kan báyìí a gbọ́ ìbọn lápá oko, a pe tésàn kan, ẹni tó gbé e ní ọkọ̀ ò ní epo, pé ká fi owó ránṣẹ́ ká sì ní sùúrù. A pe Àmọ̀tẹ́kùn, àwọn wá, Ọlọ́run á bù kún wọn, ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ ọ̀nà, àmọ́ ìbọn ṣakabùlà àti pọ́ǹpù ló wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tí wọ́n ń lé lọ́wọ́ ọ̀tún ń gbé AK-47. Ìjọba àpapọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n rà á. Ẹni tí a dìbò fún ní Adó ò lè pàṣẹ fún ọlọ́pàá kan kó dìde, tí kọmíṣánnà bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ béèrè l'Ábújà, ó parí nìyẹn, òfin ló fún un láyè. Ta ló wá ń dáàbò bò wá gan-an?

bàbá_kakí_Adó

Ọmọ mi, o ti fọwọ́ kan egbò. Bàlúù ò ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀, sójà ò sì jìnnà, bárékè wà ní Àkúrẹ́ níbi. Àṣẹ ló ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ti Kútọnu, ẹni kan ló ní kí wọ́n lọ, wọ́n lọ. Ti Òkè-Àkò, ẹni tó wà níbẹ̀ á sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá á sọ fún ọ̀gá, ẹni tó ga jù á béèrè ta ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí ìdáhùn bá fi máa dé wọ́n ti kọjá sí Kogi. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí ẹsẹ̀ mi rí, tí à ń dúró de àṣẹ, tí a ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń pè wá.

Ààrẹ ti ní kí wọ́n gba ọlọ́pàá sí i lóṣù Kọkànlá 2025, ó ní kí àwọn tó ń gbé báàgì fún àwọn olówó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ igbó. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí gbogbo yín ń pariwo, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ ti gbàgbé Ìdó-Òsì ní 2009, ìbò àtúndì gómìnà tí ìjà àti awuyewuye èsì bá yẹn. Ẹ ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní gómìnà ló ni ọlọ́pàá.

ayé_ò_gún

Bàbá mi, ta ló ni ọlọ́pàá tó wà ní Ìdó-Òsì nígbà yẹn? Ṣé kì í ṣe Àbújà? Gómìnà tó bá fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ mi, ó kéré tán mo mọ ilé bàbá ẹ̀, mo lè lọ bá àwọn ẹbí ẹ̀. Ti Àbújà, ẹnu ọ̀nà wo ni mo fẹ́ kàn?

Ká fún Àmọ̀tẹ́kùn ní ìbọn gidi. Ẹni tó lè ju bọ́ǹbù sí Kútọnu ò yẹ kó máa bẹ̀rù ìbọn lọ́wọ́ ọmọ Òkè-Àkò.

bàbá_kakí_Adó

Èyí tó o sọ kẹ́yìn yẹn, mi ò rí èsì ẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìbọn, àmọ́ kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹnì kan máa kà á lálaalẹ́. Mo ti rí ìlú tí wọn ò ti ka ìbọn.

ọmọ_ìkọ̀lé

Ẹ ṣé Bàbá. Ní báyìí ná, ìpàdé ìlú wa ti dá owó jọ, a fẹ́ ra wọ́kì-tọ́kì fún àwọn ọdẹ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lápá oko wa. Irú èwo ló dáa, ta ló sì yẹ ká fún?

bàbá_kakí_Adó

Ẹ má rà á lẹ́yọ lẹ́yọ lọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ irú kan náà kí wọ́n lè jọ gbọ́ra. Ẹ ra bátìrì méjì méjì, ẹ wá ilé kan tó ní sólà tí wọ́n á ti máa ṣàjí. Kí ìkan wà lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, ìkan lọ́wọ́ olórí ọdẹ, ìkan ní ìlú kejì tó bá yín pààlà, torí ẹni tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ yín ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Ẹ fún Fúlàní tó ti ń gbé pẹ̀lú yín láti ayébáyé ní ìkan náà.

ayé_ò_gún

Fún ta? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o.

bàbá_kakí_Adó

Ẹni tí màlúù ẹ̀ ń jẹ̀ nínú igbó yẹn láràárọ̀, ẹsẹ̀ àjèjì kì í kọjá kó má mọ̀. Wọ́n ń jí màlúù tiẹ̀ gbé náà, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹ ò bá bá a ṣe, àwọn ajínigbé yẹn á bá a ṣe. Ọba yín mọ èyí tó ṣeé fọkàn tán nínú wọn, ẹ lọ bi wọ́n. Ọmọ Ìkọ̀lé, ìpàdé yín ọjọ́ wo ni? Bí ẹ bá lè fi mọ́tò gbé mi láti Adó kí ilẹ̀ tó ṣú, màá wá kọ́ àwọn ọdẹ yín bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ tí ẹlòmíì tó bá ń gbọ́ ò fi ní mọ ibi tí wọ́n wà.